Ta Ni Kó Kọ́kọ́ Kọjá?

Pínpín íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọ́fíìsì ni iṣẹ́ mi ní agbègbè Tchaourou ní Bẹ̀nẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Nígbà tó bá dára, kò sẹ́ni tó ń rí i.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń fà ni ó kéré. Ẹ wo ọ́fíìsì tí agbára ìfiránṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ mẹ́gábíìtì 2 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Ọ̀gá ń fi fídíò ìpàdé ránṣẹ́ sí Cotonou. Mọ́dẹ̀mù kì í kọ̀, ó kàn ń kó o jọ ni. Bí ohun tó kó jọ bá tó mẹ́gábáìtì 1, ohunkóhun tó bá tún dé á dúró fún sẹ́kọ́ńdì 4 gbáko. Akọ̀wé wà nídìí tábìlì kejì, ó ń gbìyànjú láti ṣí ìkànnì ìjọba, service-public.bj, fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti Alafiarou wá nítorí casier judiciaire, ìwé tó ń fi hàn bóyá ilé ẹjọ́ ti dá ènìyàn lẹ́bi rí. Ohun tó ń béèrè kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn fídíò ló tò sí, bí ẹni tó gbé ife dé ìdí pọ́ǹpù tó bá onídúrọ́ọ̀mù mẹ́wàá níwájú.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé mo dín ìyára kù. Bí wọ́n bá ń sanwó mẹ́gábíìtì 10, 9 ni mo fi sí ráútà. Àwọn oníbàárà á ní, “Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí owó wa ṣòfò o!” Kò ṣòfò. Ibi tó bá fún jù ni àwọn pákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ègé dátà kéékèèké, ti ń tò, mo sì fẹ́ kí ibẹ̀ wà lábẹ́ ọwọ́ mi, torí mọ́dẹ̀mù kì í gbọ́ tèmi.

Ọgbọ́n tó wù mí jù ni CoDel, tí Kathleen Nichols àti Van Jacobson gbé jáde ní 2012. Kò wo bí àwọn tó tò ṣe pọ̀ tó. Bí wọ́n ṣe pẹ́ tó lórí ìdúró ló ń wò. Bí ìdúró bá ju mìlísẹ́kọ́ńdì 5 lọ, tí kò sì rọlẹ̀ títí 100 fi kọjá, á ju pákẹ́ẹ̀tì kan nù. Ẹ̀rọ tó ń fi ránṣẹ́ á rí i pé ọ̀kan kò dé, á sì rọra. Mo máa ń ṣí ping, tó ń wọn ìdúró ní mìlísẹ́kọ́ńdì, sílẹ̀ kí n tó tan CoDel: nọ́ńbà tó ń fò lókè 900 á bọ́ sí 60 lójú mi, fídíò náà á sì máa lọ. Ó máa ń dùn mọ́ mi nínú gan-an.

Ní ti ẹni tó ń kọ́kọ́ kọjá, ìpè ohùn ni mo ń fi ṣáájú, torí ọ̀kan kì í gbà tó kílóbíìtì 100 ní sẹ́kọ́ńdì kan; àwọn iṣẹ́ ìjọba tẹ̀ lé e. Àtúnṣe Windows á dúró di alẹ́. Èmi kì í ti WhatsApp pa. Orí rẹ̀ ni ìdajì iṣẹ́ wa wà. Nígbà tí àwọn okùn abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan ní oṣù Kẹta 2024, tí íntánẹ́ẹ̀tì Bẹ̀nẹ̀ náà sì fara gbá a, ètò yìí ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ dúró.

Ètò ráútà kan tó ń jẹ́ CAKE ni mo ń lò báyìí. Ó lè pín in fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe fún ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ṣí ogún ìsopọ̀ láti gba fíìmù kan má baà gba ìpín ogún ènìyàn. Ẹ ṣáà rántí tan àṣàyàn tí wọ́n ń pè ní “nat” níbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ọ́fíìsì á dà bí ẹnì kan ṣoṣo lójú rẹ̀.