Ṣòkòtò Àgbàbọ̀ Nídìí Orin

Bí ẹ bá dé òde ìnáwó l'Ókè-Sopẹ́n, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ lè gbọ́ ohùn Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọmọ ìlú náà. Bẹ́ẹ̀, bàbá alápàlà ti kú láti 1983! Olórin àdúgbò ló jókòó bíi tirẹ̀, tó ń fa ohùn bíi tirẹ̀, tí owó sì ń lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí.

Àfarawé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o. Nínú fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe ní 2021, Lateef Adédiméjì ṣe bí Àyìnlá Ọmọwúrà, tí wọ́n pa ní 1980. Ọ̀pọ̀ ọmọ tipa bẹ́ẹ̀ mọ Àyìnlá. Ṣùgbọ́n fíìmù yẹn dárúkọ ẹni tó ń ṣàfarawé. Olórin òde ìnáwó ńkọ́? Èyí tí mo gbọ́ kẹ́yìn kò dárúkọ Hárúnà rárá. Ọmọ tó jókòó tì mí ní, "Bàbá, orin ọkùnrin yìí mà dùn o! Ìgbà wo ló kọ ọ́?" Ó dùn mí wọra.

Ẹ wo Músílíù, ọmọ Hárúnà gan-an. Àpàlà bàbá rẹ̀ ló ń kọ, ṣùgbọ́n orin tirẹ̀, Soyoyo, ni gbogbo ìgboro fi jó ní 2000.

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́gírẹ́gí lohun ẹni ń báni mu. Ẹ̀yin olórin wa, ẹ dárúkọ olóhun kí ẹ tó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiyín.