Apá Kejì Ni Kí Ẹ Fi Bẹ̀rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ìwé kan ni a fẹ́ fi òwe yìí gbé yẹ̀ wò lónìí, ìwé tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí Kristẹni tí ń kọ́ ọmọ wọn nílé dípò kí wọ́n rán an lọ sí ilé-ìwé. The Pilgrim's Progress ni, tí John Bunyan kọ. Apá kìíní jáde ní 1678, apá kejì sì tẹ̀lé e ní 1684. Àwọn òbí wa mọ̀ ọ́n sí Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́, nítorí David Hinderer, míṣọ́nnárì tí ó gbé ní Ìbàdàn, ló túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1866.

Àwa náà wà lára irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀. Òfin Ẹ̀kọ́ ti 1996 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales fi àyè sílẹ̀ fún òbí láti kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé, bí ẹ̀kọ́ náà bá ti péye tí ó sì bá ọjọ́ orí àti òye ọmọ mu. Ní òwúrọ̀ a ó ṣe ìṣirò. Bí a bá jẹun ọ̀sán tán, a ó kàwé ìgbàgbọ́. Ọmọbìnrin wa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọkàn rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Bí ẹyẹ bá kú sí ẹ̀yìnkùlé, oúnjẹ alẹ́ kò ní wọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ wo bí ìwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Christian gbọ́ pé iná yóò jó ìlú òun, Ìlú Ìparun. Ó gbé ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn, ó sáré. Ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń ké pè é. Ó ti ìka bọ etí, ó ń sá lọ. A ti mọ ibẹ̀ dunjú láti ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, nítorí náà a kà á bí ẹní ń ka ìròyìn. Ọmọ pa ìwé dé.

Ó ní, "Ṣé kò ní padà wá mú wọn ni?"

A ní kí a máa kà á lọ ná.

Ó tún ní, "Màmá Ìbàdàn ńkọ́? Wọn kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé àwa náà di etí wa sí wọn nígbà tí ẹ wọ ọkọ̀ òfurufú?"

Ìyá tí ó ń wí yìí, ìyá tó bí bàbá rẹ̀ ni, mùsùlùmí tí kì í fi irun márààrún jáfara. Gbogbo alẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n máa ń tẹ̀ wá láago, tí wọn a sì da àdúà lé ọmọ yìí lórí. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, ó kọ̀, kò gba fóònù. Ó ní ojú ń ti òun.

Ṣé Bunyan ni ó jẹ̀bi? A kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún 12 ni ó lò ní ẹ̀wọ̀n Bedford, láti 1660 sí 1672, nítorí pé ó ń wàásù láìgba àṣẹ. Ó fi ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin sílẹ̀, afọ́jú sì ni ọ̀kan nínú wọn. Nínú Grace Abounding, tí ó jáde ní 1666, ó sọ bí ìyapa náà ti dùn ún tó, pàápàá nítorí ọmọ afọ́jú yẹn. Nínú apá kìíní pàápàá, nígbà tí Christian dé Ilé Ẹwà, arábìnrin kan bi í pé kí ló dé tí kò mú àwọn ará ilé rẹ̀ wá. Ẹkún ni ó bú sí. Ọ̀pọ̀ òbí ń fo ibẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀, kò sì sí ìjà. Àléébù tí a rí ni pé ẹkún náà pẹ́ kí ó tó dé. Kí Christian tó sunkún, ọmọ ọlọ́kàn rírọ̀ ti pa ìwé dé.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti tún un ṣe fún ọmọdé. Nínú Little Pilgrim's Progress tí Helen L. Taylor kọ, ọmọdé ni Christian fúnra rẹ̀. Ó dùn ún kà, ṣùgbọ́n bí Christian bá ti di ọmọdé, kò ní ìyàwó tàbí ọmọ tí yóò fi sílẹ̀ mọ́. A ti gbé ìbéèrè náà pamọ́, a kò dáhùn rẹ̀. Ìbéèrè ọmọ aláàánú kì í ṣe àrùn tí a ń fi aṣọ bò.

Apá kejì ni Bunyan ti dáhùn. Christiana, ìyàwó tí a fi sílẹ̀, kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́rin, ó tẹ̀lé ọ̀nà tí ọkọ rẹ̀ gbà. Mercy, ọmọbìnrin àdúgbò, bá wọn lọ. Ẹnikẹ́ni kò fi ìwé pè é, nítorí náà ó dúró lẹ́yìn ibodè, ó ń gbọ̀n, ó rò pé wọn kò ní gba òun wọlé. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Nínú Ilé Ẹwà, Prudence bi àwọn ọmọ náà léèrè ìgbàgbọ́ wọn. Ọ̀dọ̀ àbíkẹ́yìn ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa gbọ́ ti ìyá wọn. Great-heart, ẹni tí ń ṣamọ̀nà wọn, sọ ìtàn Ọ̀gbẹ́ni Oníbẹ̀rù, tí ó lé ní oṣù kan létí irà kí ó tó lè kọjá. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé odò ìkẹyìn, omi náà fà débi pé díẹ̀ ló kù kí ó fi ẹsẹ̀ gbígbẹ kọjá. Nígbà tí aláìlera kan ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, Great-heart ní àwọn yóò dúró dè é, àwọn yóò sì pa àwọn àríyànjiyàn kan tì nítorí rẹ̀.

A kò sọ pé apá kejì kò ní àbùkù. Bí a bá ń wá ìtàn tí ń mú ara gbọ̀n, apá kìíní ta á yọ. Ọmọ kan jẹ èso ọgbà ọ̀tá, inú ń run ún, oògùn ni wọ́n fún un mu. Níbẹ̀ ẹ̀kọ́ ti bo ìtàn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrìn ẹgbẹ́ ni, etí Yorùbá sì mọ irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní 1938, ìwé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti rí ipasẹ̀ Bunyan nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ ọdẹ ni ó kọrí sí Òkè Láńgbòdó, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Jákọ́bù nínú Bíbélì pàápàá ní kí Ísọ̀ máa lọ níwájú, òun yóò máa rìn bí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ òun bá ti gbà.

A padà sí ìwé náà, a sì fi apá kejì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tí Mercy wà lẹ́yìn ibodè, ọmọ tún béèrè Màmá Ìbàdàn. A kò purọ́ fún un. A ní ìgbàgbọ́ wa nìyí, a kò ní fi pamọ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ibodè kò sí lọ́wọ́ wa, Ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì láàánú jù wá lọ. A ní kò sí ẹni tí ó ní kí ó di etí sí ìyá àgbà. Bí wọ́n ti ń gbàdúrà fún un, kí òun náà máa gbàdúrà fún wọn.

Nígbà tí aago dún ní Ọjọ́ Ìsinmi, òun ni ó sáré gbé e. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ máa bá wa rìn?" Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò sí Lọ́ńdọ̀nù ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí orúnkún bá gbà."

Ọmọ náà ní, "A máa dúró dè yín."

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá lọ́kàn rírọ̀, ẹ fi apá kejì bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá padà sí apá kìíní lẹ́yìn náà, yóò ti mọ̀ pé àwọn tí Christian fi sílẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Yóò sì lè bá a dé ibi tí ó ti sunkún.