Ẹ̀rù àti Ìfẹ́-Ọkàn nínú Ìwé Dracula

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìjà rere àti búburú ni Bram Stoker, ọmọ ilẹ̀ Ireland, fi ìwé Dracula sọ ní ọdún 1897. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Dracula, òkú tí ń mu ẹ̀jẹ̀ alààyè, kò sọ orí kan nínú ìtàn náà. Ìwé ìrántí àti lẹ́tà àwọn ọ̀tá rẹ̀ ni a ń kà. Ọkàn àwọn ọ̀tá wọ̀nyí ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò.

Nígbà tí àwọn obìnrin mẹ́ta inú ilé Dracula sún mọ́ Jonathan Harker, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rù ba òun, síbẹ̀ ọkàn òun ń fà sí wọn. Ó mọ̀ pé èyí lè dun Mina, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, bí ó bá kà á, ṣùgbọ́n kò pa á rẹ́. Mina pẹ̀lú jẹ́wọ́ pé, nígbà tí Dracula ń mu ẹ̀jẹ̀ òun, òun kò fẹ́ dí i lọ́wọ́. A kò gbọdọ̀ pe èyí ní ìfẹ́, ipá ni. Síbẹ̀, òun kan náà ni ó bẹ àwọn tí ń lépa Dracula pé kí wọ́n ṣàánú rẹ̀.

Àbùkù ibẹ̀ ni pé Stoker di gbogbo rẹ̀ ru ègún, kò sì jẹ́ kí Mina bi ọkàn ara rẹ̀ léèrè. Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá ń gbé, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Inú ọkàn gan-an ni ó ń gbé nínú ìwé yìí. Kí olùkọ́ má ṣe fo ibẹ̀.