Mini Àtijọ́ Kì Í Ṣe Ẹ́ńjìnnì Nìkan
Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún Mini, mọ́tò kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe fún eré ìje, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń ná gbogbo owó lé. Iṣẹ́ wọn kò wù mí. Ní 1959, Alec Issigonis gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dábùú, ó fi táyà sí orígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tó jẹ́ kó máa yà kíá láì takìtì nìyẹn. John Cooper fi agbára kún un ní 1961, àmọ́ ó fi bírékì díìsìkì sí táyà iwájú (ó kéré, òótọ́ ni). Ẹ́ńjìnnì èyí tó gba ìje Monte Carlo ní 1964 kò ju 1,071 cc lọ. Bí a bá ki ẹ́ńjìnnì ńlá bọ̀ ọ́, imú rẹ̀ á wúwo, kò ní fẹ́ yà mọ́. Èmi á kọ́kọ́ yẹ bírékì wò kí n tó ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.