Gíláàsì Aláwọ̀ Nínú Ilé Ìjọsìn: Kí Ni Fèrèsé Wa Ń Wàásù?

Bí ìjọ kan bá ti kan òrùlé tán, yálà ní Àkúrẹ́, ní ìlú Oǹdó tàbí ní Bọ́lọ́rundúró tí ó wà láàárín méjèèjì, ọ̀rọ̀ fèrèsé ni ó máa ń kàn. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé á ní kí a fi gíláàsì aláwọ̀ sí i, kí ilé náà lè jọ ilé Ọlọ́run. Àwọn mìíràn á ní nǹkan ìjọ Àgùdà àti ti Áńgílíkà ni, àti pé òfin kejì kọ ère. Èrò mi ni pé ìhà méjèèjì kò tíì béèrè ohun tí ó yẹ. Fèrèsé aláwọ̀ jẹ́ ìwàásù tí a kọ́ mọ́ ògiri. Kí ni ó ń wàásù, ta ni ó sì ń gbé ga?

Ìbẹ̀rù ère tí ó wà láàárín wa ní ìdí. Ní ìsọjí Òkè-Òòyè ní Iléṣà ní ọdún 1930, lábẹ́ ìwàásù Joseph Ayọ̀ Babalọlá, àwọn ènìyàn kó ère àti oògùn wọn wá kí a lè dáná sun ún. A kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wo ogún yẹn. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tí ó kọ̀ fún Ísírẹ́lì láti forí balẹ̀ fún ère (Ẹ́kísódù 20:4-5) náà ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ ọnà kérúbù sára aṣọ ìkélé àgọ́ (Ẹ́kísódù 26:31). Ó sì fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún Bésálẹ́lì fún iṣẹ́ ọwọ́ (Ẹ́kísódù 31:1-5). Àwa tí a ń wàásù ìkún Ẹ̀mí kò gbọdọ̀ fo ibẹ̀ yẹn.

Àwọn tí ó ní nǹkan òyìnbó ni gíláàsì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo Ilé-Ifẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti fi hàn pé ní Igbó Olókun, láti nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn baba wa ń ṣe gíláàsì fún ìlẹ̀kẹ̀ pẹ̀lú èlò tí wọ́n rí ládùúgbò. Kóbọ́ọ̀tì ni ó fún ìlẹ̀kẹ̀ búlúù wọn ní àwọ̀. Òun náà ni ó fún gíláàsì búlúù àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní ilẹ̀ Faransé ní àwọ̀.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Oníṣẹ́ ọnà á kọ́kọ́ ya àwòrán kékeré, á wá ya òmíràn tí ó tó fèrèsé gan-an sórí pépà. Á gé gíláàsì aláwọ̀ ní wẹ́wẹ́ tẹ̀lé e. Á fi ọ̀dà dúdú fa ojú, ìka àti ìṣẹ́po aṣọ, á sì gbé e sínú ààrò títí iná yóò fi mú ọ̀dà náà wọ gíláàsì lára. Lẹ́yìn èyí ni á fi òjé tẹ́ẹ́rẹ́ so gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Láàárín àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ wa, Yusuf Grillo (1934-2021) ni mo fi ṣáájú. Ọmọ Èkó ni, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Zaria, ó sì darí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba College of Technology. Fèrèsé rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Yaba. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ àwọn ènìyàn gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ nínú aṣọ Yorùbá, nínú búlúù tí ó jọ ti aró àdìrẹ. Ohun tí mo yìn nínú rẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn inú àwòrán rẹ̀ kì í ṣe fọ́tò ẹnikẹ́ni. Ojú ẹni tí ń wò kì í dúró sára ọlọ́lá kan.

Ẹ wá fi wé àṣà tí ó gbòde báyìí: sítíkà aláwọ̀ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí a lẹ̀ mọ́ gíláàsì lásán, tí fọ́tò olùdásílẹ̀ ìjọ àti ìyàwó rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Oòrùn á mú un ṣá, etí rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Èyí kọ́ ni ó burú jù. Ẹni tí ó kọ àwòrán Pétérù nítorí ìbọ̀rìṣà, tí ó wá gbé àwòrán ara rẹ̀ síbi tí ìjọ ń kọjú sí láti gbàdúrà, òfin kejì wo ni ó pa mọ́? Jòhánù Onítẹ̀bọmi fà sẹ́yìn kí ojú ènìyàn lè kúrò lára òun sí Kristi (Jòhánù 3:30).

Bí ẹ̀rí-ọkàn ìjọ kan kò bá gba ojú ènìyàn rárá, ọ̀nà wà. Marc Chagall, oníṣẹ́ ọnà Júù, ṣe fèrèsé méjìlá fún sínágọ́gù ilé ìwòsàn Hadassah ní Jerúsálẹ́mù, tí a yà sọ́tọ̀ ní 1962. Ẹ̀yà Ísírẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti inú ìbùkún Jékọ́bù (Jẹ́nẹ́sísì 49) àti ti Mósè (Diutarónómì 33). Kò sí ojú ènìyàn kankan níbẹ̀: ẹranko, ẹyẹ, ẹja, òdòdó àti àwọ̀ ni ó fi sọ ọ́. Àwa náà ní àdàbà, ahọ́n iná àti ìtí ọkà. Ní ilẹ̀ àgbẹ̀ bíi Bọ́lọ́rundúró, èso kòkó lè sọ̀rọ̀ ìkórè fún wa bí àjàrà ti sọ ọ́ fún àwọn ará Jùdíà.

Mo gba ìgbìmọ̀ ìkọ́lé nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ́kọ́ pinnu ibi Ìwé Mímọ́ tí fèrèsé yóò wàásù, kí wọ́n tó pe oníṣẹ́ ọnà. Gíláàsì gidi wọ́n. Fèrèsé kan ṣoṣo ní ìhà ìlà-oòrùn, tí a ṣe dáadáa, sàn ju ogún sítíkà lọ. Kí wọ́n jẹ́ kí apá ìsàlẹ̀ ṣeé ṣí nítorí ooru. Kí ẹni tí ó ń fi í sí ilé ara rẹ̀ náà bi ara rẹ̀ bóyá ọrọ̀ rẹ̀ ni ó fẹ́ kí àlejò rí.

Ohun kan kù tí ó kan àwa tí a ń ṣe ìṣọ́-òru. Lọ́sàn-án, inú ilé ni a ti ń rí àwọ̀ fèrèsé. Lóru, nígbà tí iná bá wà nínú ilé, ẹni tí ó wà níta ni ó ń rí i. Ọlọ́kadà tí ń kọjá àti ìyá tí ń palẹ̀ ọjà mọ́ yóò ka ìwàásù yẹn kí wọ́n tó gbọ́ tiwa. Ojú ta ni a fẹ́ kí wọ́n rí?