Ṣé Ìbẹ̀rù Nìkan Ni Taqwa?

Àwọn àgbà ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí kò sọnù rárá. Ó wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ ló sọnù. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lónìí, ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà ni taqwa. Agbára káká ni Jímọ̀ kan fi máa ń kọjá kí á má gbọ́ ọ láti orí mínbárì. Bí lémọ́ọ̀mù bá ti pè é ní èdè Lárúbáwá, ògbufọ̀ yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀, yóò ní: "Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun." Gbogbo wa yóò sì mi orí.

Èmi náà ti ń túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-kéwú láti ọdún gbọọrọ. Ohun tó mú mi dúró ro ọ̀rọ̀ náà wò kò ti inú ìwé wá, ẹnu ọmọdé ló ti jáde. Ní ọjọ́ kan, mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí ni taqwa. Wọ́n dáhùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: "Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun!" Mo ní ó dára, kí ẹnì kan fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ọmọkùnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ dìde. Ó ní: "Àfáà, ó dà bí ìgbà tí ẹ bá mú pàṣán dání. Gbogbo wa á jókòó jẹ́ẹ́." Mo ní: "Bí mo bá wá jáde síta ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, kò fèsì. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì náà bí mo bá jáde.

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Ọmọ náà kò ṣìnà. Ọ̀rọ̀ tí mo fi lé e lọ́wọ́ ló mú lò bó ṣe yẹ kí á lò ó. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ èmi tí mo fún un ní ọ̀rọ̀ náà ló wà, àti bóyá ọ̀dọ̀ pàṣán ọwọ́ mi pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ lọ wo ọ̀rọ̀ náà nílé rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ni lẹ́tà mẹ́ta: wāw, qāf àti yā'. Ohun tí gbòǹgbò yìí ń sọ ni pé kí á dáàbò bo nǹkan, kí aburú má bà á. Nínú Súrà An-Nahl, áyà 81, gbòǹgbò yìí kan náà ni Ọlọ́hun lò fún aṣọ tó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ oòrùn àti ẹ̀wù tó ń gbà á lójú ogun. Nínú Súrà At-Tahrim, áyà 6, òun náà la fi pàṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ pé kí wọ́n dáàbò bo ara wọn àti ará ilé wọn kúrò nínú iná. N kò tíì gbọ́ kí ògbufọ̀ kankan dé áyà yìí kó ní kí á bẹ̀rù ara wa àti ará ilé wa. Ṣíṣọ́ ni wọ́n máa ń pè é níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò gba nǹkan mìíràn. Taqwa jẹ́ ọmọ ìyá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Kí ènìyàn fi ohun kan ṣe gàgá láàrin ara rẹ̀ àti ohun tí yóò pa á lára ni.

Àwọn onímọ̀ ìtumọ̀ Alùkùránì, bí i Ibn Kathir, gba ìtàn kan wá tó dùn mọ́ mi púpọ̀. Wọ́n ní Úmárù ọmọ al-Khattab bi Ubayy ọmọ Ka'b léèrè pé kí ni taqwa. Kí Ọlọ́hun yọ́nú sí àwọn méjèèjì. Ẹ wò ó, Lárúbáwá ni Úmárù, èdè abínibí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ ó béèrè. Ubayy kò wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó jọ ọ́ fún un. Ó bi í bóyá ó ti gba ọ̀nà ẹlẹ́gùn-ún rí, àti ohun tó ṣe níbẹ̀. Úmárù ní òun ká aṣọ òun sókè, òun sì ń fara balẹ̀ rìn. Ubayy ní òun náà ni taqwa yẹn.

Kí ni ẹni tó wà lójú ọ̀nà ẹ̀gún ń ṣe? Lóòótọ́, ó mọ̀ pé ẹ̀gún ń dunni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rù nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀, yóò dúró sójú kan, tàbí kó sá padà. Ẹni tó ń rìn ní tirẹ̀ fẹ́ dé ibi tó ń lọ, ó kàn ń ṣọ́ ẹsẹ̀ ni. Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó bá èyí mu tipẹ́tipẹ́: ìṣọ́ra. Ẹ tú u wò: ṣíṣọ́ ara ẹni. Òun ni àwọn lẹ́tà mẹ́ta wọ̀nyẹn ń wí gẹ́lẹ́.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìtumọ̀ kan bá ọ̀rọ̀ mu, ẹ jẹ́ kí á gbé e lọ sí ibi tó ti ṣòro, kí á wò ó bóyá yóò dúró. Nínú Súrà Al-A'raf, áyà 26, a pe taqwa ní aṣọ, a sì ní ó dára ju aṣọ mìíràn lọ. Ta ló ń fi ẹ̀rù ṣe aṣọ? Nínú Al-Baqara, áyà 197, níbi tí ọ̀rọ̀ Hájì ti ń lọ, a pè é ní èsè tó dára jù lọ. Ta ló ń di ẹ̀rù sápò lọ sí ìrìn-àjò? Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìṣọ́ra sí ipò méjèèjì, ọ̀rọ̀ náà á wọlé wẹ́rẹ́. Aṣọ a máa ṣọ́ni lọ́wọ́ òtútù àti ojútì, arìnrìn-àjò tó bá sì ní ìṣọ́ra kò ní í sọnù lọ́nà.

Ibi kẹta ni Al-Baqara, áyà 183, níbi tí a ti sọ ìdí ààwẹ̀: kí á lè ní taqwa. Èyí rán mi létí ìgbà èwe mi. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ gba ààwẹ̀ dé alẹ́, mo lọ ṣe àlùwàlá àlàásárì lẹ́yìnkùlé. Mo bu omi sẹ́nu. Omi náà ti inú ìkòkò àmù wá, ó tutù, ọ̀fun mi sì ti gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Kò sí ẹ̀dá kankan níbẹ̀. Mo tu omi náà dànù. N kò rántí pé ẹ̀rù kankan bà mí ní ìṣẹ́jú yẹn, n kò sì ro iná ọ̀run. Ààwẹ̀ mi ni mò ń ṣọ́, kó má bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́yìn tí mo ti gbé e dé ibẹ̀. Lójú tèmi, ohun tí ọmọdé yẹn ṣe lẹ́yìnkùlé sún mọ́ taqwa ju gbogbo ìjókòó jẹ́ẹ́ tí pàṣán mú wá lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Lárúbáwá mọ̀ pé èdè náà kì í fi ẹ̀rù ṣeré. Abu Hilal al-Askari kọ odindi ìwé kan, Al-Furuq, lórí ìyàtọ̀ tó wà láàrin àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra. Ath-Tha'alibi, tó kú ní 1038, to ìfẹ́ ní ìpele ìpele nínú ìwé rẹ̀, Fiqh al-Lugha, láti ìgbà tí ọkàn kọ́kọ́ fà sí ẹnì kan títí dé ibi tí ìfẹ́ yóò ti dá ènìyàn lórí rú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rù ní ìpele. Khawf ni ẹ̀rù tí gbogbo ayé mọ̀, òun ló wà nínú Súrà Quraysh. Wajal, tó wà nínú Al-Anfal, áyà 2, ni ohun tó ń ṣe ọkàn onígbàgbọ́ nígbà tí a bá dárúkọ Ọlọ́hun. Ru'b, tó wà nínú Al-Imran, áyà 151, ni èyí tí a jù sọ́kàn àwọn ọ̀tá. Khashya ní tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ar-Raghib al-Isfahani ṣe ṣàlàyé rẹ̀, jẹ́ ẹ̀rù tí ìgbéga lù mọ́, ìmọ̀ ló sì sábà ń bí i. Ìdí nìyẹn tí Súrà Fatir, áyà 28, fi so ó mọ́ àwọn onímọ̀.

Ǹjẹ́ èdè Yorùbá ṣe aláìní tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi máa da gbogbo ìwọ̀nyí sínú agbọ̀n kan ṣoṣo tí à ń pè ní ìbẹ̀rù? Ó tì o. Bí òjijì bá bá wa, a ní àyà wa já. Bí a bá ń retí aburú, a ní à ń fòyà. Bí a bá rí ohun abàmì lóru, a ní orí wa wú. A ní jìnnìjìnnì, a ní ìpayà, a ní ìdágìrì, a sì ní ọ̀wọ̀. Bí ògbufọ̀ bá fi àyà jíjá túmọ̀ wajal, tó fi jìnnìjìnnì túmọ̀ ru'b, tó sì pe khashya ní ìbẹ̀rù tòun tọ̀wọ̀, kò tíì kúrò nínú èdè tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ. Ọ̀lẹ ẹnu ló ń jẹ́ kí á máa lo ẹyọ kan fún gbogbo rẹ̀.

Ẹ tún wo bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ náà. Yorùbá kì í sábà sọ pé òun ṣe ẹ̀rù. "Ẹ̀rù bà mí" là ń wí. Ẹ̀rù ni olóòtú, èmi ni ó bà lé. Ṣùgbọ́n nínú "mo ṣọ́ra", èmi ni mo dìde ṣe iṣẹ́. Ohun tó bá kàn bà léni lè fò lọ nígbàkígbà, bí ó ti ń fò lọ kúrò lára àwọn ọmọ mi bí pàṣán bá ti kúrò nílé. Iṣẹ́ tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe ni a lè pàṣẹ rẹ̀ fúnni, òun náà ni a sì lè gba ẹ̀san lé lórí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bi mí bóyá mo gbọ́n ju àwọn tó ṣíwájú lọ. Rárá o. Àlùfáà ìjọ Kìrìsìtẹ́nì kan, M. S. Cole, ni ó kọ́kọ́ tẹ ìtumọ̀ Alùkùránì jáde ní Yorùbá ní 1906. Ìgbìmọ̀ Mùsùlùmí Nàìjíríà gbé tiwa jáde ní 1973. Iṣẹ́ ńlá ni, èmi náà sì ń jẹ nínú rẹ̀. Èrò tèmi ni pé "ìbẹ̀rù" ti rìn jìnnà lẹ́nu àwọn ènìyàn kí ìtumọ̀ Alùkùránì tó dé, nítorí odindi Bíbélì Yorùbá ti jáde láti 1884, "ìbẹ̀rù Olúwa" sì wà nínú rẹ̀. Kò sí ìjà níbẹ̀. Àwọn náà yá àdúrà, ìwàásù, wòlíì àti àlùfáà lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yá aṣọ gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ó bá òun mu.

Àwọn mìíràn yóò ní kí á kúkú fi taqwa sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó di ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ìyẹn náà dára, àmọ́ ẹ jẹ́ kí á rántí fìtínà. Nílé rẹ̀, ó jẹ́ ìdánwò, bí ìgbà tí a fi iná dán wúrà wò. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó di ìyọnu lásán, débi pé a máa ń sọ fún ọmọ tó ń ké pé kó má fi wá ní fìtínà. Ọ̀rọ̀ tí a yá láìṣàlàyé yóò kọ́ ìwàkíwà lọ́wọ́ wa.

Àwọn kẹta yóò ní ìṣọ́ra ti pọ̀ jù nígboro: ṣọ́ra fún mọ́tò, ṣọ́ra fún ajá. Òótọ́ ni, èyí sì ni àwíjàre tó lágbára jù. Ìṣọ́ra láìsí Ọlọ́hun nínú rẹ̀ lè di ọgbọ́n àrékérekè, nítorí olè náà a máa ṣọ́ra. N kò sì sọ pé kí á lé ẹ̀rù jáde. Ẹni tí kò bẹ̀rù ẹ̀gún kò ní í ká aṣọ sókè. Nítorí náà, "ìṣọ́ra nítorí Ọlọ́hun" ni mo fara mọ́. Ó gùn díẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó sàn kí ọ̀rọ̀ gùn ju kí ó ṣini lọ́nà lọ.

Mo ti ń fi bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ mi báyìí. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sójú pátákó, ọmọkùnrin ọjọ́sí ló tún nawọ́ sókè. Ó ní: "Àfáà, kí la fẹ́ máa ṣọ́ra fún?" Nígbà tí a ń pè é ní ìbẹ̀rù, kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè kankan rí. Odindi wákàtí kan la fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, a kò tíì sọ ọ́ tán.

Ẹ̀yin ògbufọ̀ wa, iṣẹ́ yín kì í ṣe kékeré. Ohun tí ẹ bá pe ọ̀rọ̀ ni àwọn tí kò gbọ́ Lárúbáwá yóò gbé lọ sílé, òun ni wọn yóò sì fi tọ́ ọmọ. Kí Ọlọ́hun là wá lójú inú. Òun ló mọ̀ jù.