Àhesọ àti Àhewò: Ẹni Tí Ó Sọ Ọ́ Nù Ńkọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó rí nǹkan he tí ó fẹ́ kú nítorí rẹ̀, ẹni tí ó sọ ọ́ nù ńkọ́? Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n fún irú sinimá ẹlẹ́rù kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fẹ́ràn púpọ̀ lóde òní. Àwọn tí ń ṣe é a máa díbọ́n pé kì í ṣe àwọn ni ó ya àwòrán inú rẹ̀. Wọn a ní ẹnì kan ni ó yà á, pé ẹni náà ti kú tàbí ó ti sọnù, àti pé àwòrán tí ó wà nínú kámẹ́rà rẹ̀ nìkan ni a rí he. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì mú ìtàn wọn láti inú àhesọ tí ń ti ẹnu dé ẹnu, tàbí tí ń jà ràn-ìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí a he tí a sì sọ ni èdè wa ń pè ní àhesọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n pe irú sinimá yìí ní àhewò.

Èrò mi ni pé kì í ṣe iwin tàbí àǹjọ̀nú inú àhewò ni a fi ń mọ èyí tí ó dára, bí kò ṣe ẹni tí ó di kámẹ́rà mú. Bí a bá wò ó tán, tí ọkàn wa kò lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó sọ ọ́ nù, a jẹ́ pé ọwọ́ òfo ni a bá dìde níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó sọ irú iṣẹ́ yìí di ìlúmọ̀ọ́ká. The Blair Witch Project ni orúkọ rẹ̀; Daniel Myrick àti Eduardo Sánchez ni ó ṣe é ní Amẹ́ríkà, ó sì jáde ní ọdún 1999. Ìtàn náà ni pé ọ̀dọ́ mẹ́ta wọ igbó kan lọ ní ìpínlẹ̀ Maryland ní ọdún 1994, láti wádìí àhesọ nípa àjẹ́ kan. Wọn kò padà wá mọ́, a sì rí àwòrán tí wọ́n yà he lẹ́yìn ọdún kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a kò fi ojú kan àjẹ́ náà. Ariwo òru ni a gbọ́, òkúta tí a kó jọ àti igi tí a so pọ̀ bí ènìyàn ni a rí. Síbẹ̀, ẹ̀rù bà wá.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ibi tí iṣẹ́ náà ga sí jù ni ibi tí ọmọbìnrin tí ó kó àwọn yòókù lọ ti kọ kámẹ́rà sí ojú ara rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó ń sunkún, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Ó ti mọ̀ pé òun ti fi ọmọ ọlọ́mọ sínú ewu. Ohun ìṣeré ni kámẹ́rà jẹ́ títí di àkókò yẹn; láti ìgbà náà lọ, ẹ̀rí ni.

Òwe wa kò dúró sínú sinimá náà nìkan. Orúkọ àbísọ àwọn òṣèré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n lò nínú rẹ̀, wọ́n sì kéde lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé wọ́n ti sọnù. Àwọn ènìyàn ń kọ̀wé ìbánikẹ́dùn sí ìyá ọmọbìnrin náà, nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà láàyè. Owó tí sinimá náà pa lé ní mílíọ̀nù 240 dọ́là. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ lẹ́tà ní gbangba sí ilé-iṣẹ́ Lionsgate, wọ́n ń béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ọdún 25 ni àwọn ẹlòmíràn ti ń jẹun lórí orúkọ wọn.

Èkejì tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò ti inú íntánẹ́ẹ̀tì gan-an jáde. Ní oṣù kẹfà ọdún 2009, Eric Knudsen gbé àwòrán ọkùnrin gíga kan tí kò ní ojú síbẹ̀, ó pè é ní Slender Man. Kò pẹ́ tí Troy Wagner àti Joseph DeLage fi bẹ̀rẹ̀ àhewò alápá púpọ̀ tí wọ́n pè ní Marble Hornets, èyí tí ó parí ní ọdún 2014. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lágbára: ọ̀dọ́mọkùnrin kan gba fọ́nrán tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ dáná sun, ó sì ń wá ìdí tí ọ̀rẹ́ náà fi pa iṣẹ́ rẹ̀ tì. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń gùn sí i, ọ̀rọ̀ awo tí a ń tú ni ó gba ọkàn wa, tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé àwọn tí ó ṣègbé. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2014, àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 12 méjì ní ìlú Waukesha gún ẹgbẹ́ wọn lọ́bẹ nígbà 19, wọ́n ní nítorí Slender Man ni. Orí yọ ọmọ náà, kò kú. Ẹnì kan ni ó hùmọ̀ àhesọ yìí. Síbẹ̀, ó rí ẹni gbà á gbọ́.

Kí a má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìyẹn. Ní ọdún 2004, gbogbo Nàìjíríà ni ó ń sọ pé nọ́ńbà fóònù kan wà tí ẹni tí ó bá gbé ìpè rẹ̀ yóò kú. Ní ọdún 2011, ọ̀rọ̀ náà tún hù, títí àjọ NCC fi jáde wí pé irọ́ ni. Ta ni ó sì gbé ilé-ìwé tí a ń sùn sí tí kò gbọ́ nípa Madam Koi Koi, obìnrin tí bàtà gogoro rẹ̀ ń dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru? Etí ni àhesọ yìí fi ń wà láàyè. Nígbà tí Jay Franklyn Jituboh ṣe The Origin: Madam Koi-Koi, tí Netflix gbé e jáde ní ọdún 2023, ó fún un ní ojú, ó sì fún un ní ìdí tí ó fi ń gbẹ̀san. Mo yìn ín pé ó rántí àwọn tí a fi ìyà jẹ. Ṣùgbọ́n ojú ni ó gbé iṣẹ́ etí fún, ẹ̀rù náà sì dínkù. Sàn-án ni Abba Makama dúró sí tirẹ̀ nínú Yam, ọ̀kan nínú ìtàn mẹ́ta tí ó para pọ̀ di Juju Stories ní ọdún 2021. Àhesọ tí gbogbo wa mọ̀ ni ó mú: ẹni tí ó bá he owó lójú ọ̀nà yóò di iṣu. Àwọn méjèèjì kì í ṣe àhewò, ṣùgbọ́n inú àhesọ kan náà tí àhewò ti ń bu omi ni wọ́n ti bù ú.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí a padà sí ilẹ̀ Yewa, ní Ìlaró, ní Ayétòrò, àti ní àgbègbè Kétu lẹ́yìn ààlà. Àwa tí a ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ bí a ti ń fi òkùnkùn ṣeré. Àjọ UNESCO pàápàá bu ọlá fún un ní ọdún 2001. Òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde, a sì mọ̀ pé ènìyàn ni ó gbé agọ̀. Kò sí ẹni tí a tàn jẹ, kò sì sí ẹni tí ó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kí Ẹ̀fẹ̀ tó ta ìlú lólobó, kí ó tó bá oníwà ìbàjẹ́ wí, yóò kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá wa. Ǹjẹ́ ẹ rántí ọmọbìnrin inú igbó Maryland? Ìyá ni òun náà yíjú sí, àmọ́ ẹ̀yìn tí ọwọ́ ti tẹ ìdà ni tirẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ a máa júbà kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Mo ń sọ èyí nítorí pé fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga Poli tí ó wà ní Ìlaró dé àwọn ilé-ìwé Ayétòrò. Ọ̀sán kan àti òru kan tó fún wọn láti ya àhewò. Ó wù mí kí wọ́n yà á. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ojú ẹni gidi kan sí i, tí wọ́n ní gbọ́mọgbọ́mọ ni, tí wọ́n sì tú u sí ìgboro láìsọ pé eré ni, èrò ọ̀nà Ìdí-Ìrókò kò ní dúró ṣe ìwádìí kí wọ́n tó wá táyà àti epo. Agọ̀ tí kò ní ẹni tí a mọ̀ nínú kì í ṣe eré mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí àwọn ọmọ bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá fún yín, ẹ má ṣe lé wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé: ta ni ó di kámẹ́rà mú, èé ṣe tí kò fi jù ú sílẹ̀ kí ó sá, ta ni ó sì ń retí rẹ̀ nílé? Bí wọ́n bá lè dáhùn ìkẹta, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yà á lọ.